Ẹ̀rọ Fóòmù Tó Ń Dúró De Ìyókù

Ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ o. Ohun tí Mọ̀nsúrát kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í nìyẹn. Ó ti darúgbó lóòótọ́, ó máa ń pariwo, epo máa ń kán lábẹ́ ẹ̀ bí itọ́ ọmọ tó ń hu eyín, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ká gé fóòmù, kò sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn. Ìgbà tí Mọ̀nsúrát ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé, tí wọ́n gbà á síṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìdíròkò níbẹ̀, tí Kàfáyá ọmọ ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ yìí ló bá níbẹ̀. Òun náà ló ń bá ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi fi í ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń gé fóòmù. Kàfáyá tó wà lẹ́yìn nígbà yẹn ti wọ girama báyìí, ó ti ń bá ìyá ẹ̀ jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kò kúkú dá mọ ohun tó máa gé. Tí wọ́n bá fẹ́ gé bẹ́ẹ̀dì, á gba orí wáyà lọ sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ti ya ibì kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ lè wọ̀, á mú fáìlì tí wọ́n kọ ìwọ̀n fóòmù sí, á gbé e wá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Bí ìgbà tí ayálégbé méjì bá jọ ń lo kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ láti ọdún gbọọrọ, àfi ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sùn tí kò jí mọ́. Wọ́n ra tuntun. Tuntun dé, ó lóun ò mọ ẹ̀rọ náà rí láyé òun. Wọ́n ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ yẹn ń gbà kanlẹ̀kùn ti di ti àtijọ́, olè lè gbabẹ̀ wọlé, wọ́n ti dí ọ̀nà náà pa nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tuntun.

Ó wá di pé kí Mọ̀nsúrát máa fi ìka tẹ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń gé bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń gé búrẹ́dì wá ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Iṣẹ́ ń ṣẹ́ kù sílẹ̀. Àwọn tó ń wá gbé ọjà á gbé ọkọ̀ wọn sẹ́nu géètì láti àárọ̀, wọ́n á máa ṣépè.

Ni Ọ̀gá Fákọ̀yà, máníjà wọn, bá pè wọ́n jọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Ó ní Alága ilé iṣẹ́ náà ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní tí ẹ̀rọ ò bá lè fúnra ẹ̀ mú iṣẹ́ láti ọ́fíìsì, kí Alága fi ojú ara ẹ̀ rí i, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló máa wá gbé e. Iṣẹ́ fóòmù gígé á kó lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà ní Agbára. Wọ́n bi í pé àwọn ńkọ́, ṣé àwọn náà á lọ sí Agbára? Ó ní Agbára ti léèyàn. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Fàtímọ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Mọ̀nsúrát, tí wọ́n jọ ń ti Àtàn wá lójoojúmọ́, ní kí wọ́n máa kó ẹrù wọn. Mọ̀nsúrát ní kó pa ẹnu mọ́. Ó ní èèyàn méjì ló wà lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí èyí tí kò mọṣẹ́ nínú wọn.

Èkíní ni Bàbá Ṣóbándé. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì, Alápòtí ló ń gbé, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ inú ẹ̀rọ yẹn tó o. Òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n já a lọ́kọ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì àti irin nìkan ló mọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ọpọlọ ẹ̀ tó fi máa ṣe ohun téèyàn fẹ́. Ìkejì ni Gbóyèga, ọmọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí kò tíì pẹ́ tó jáde ní pólì. Gbóyèga ò gbójú rárá. Tó bá rí Bàbá, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti láptọ́ọ̀pù ẹ̀ lábíyá. Bàbá náà á sọ pé dìde, Ẹ̀ńjiníà, kó o má fọ́ kọ̀ǹpútà onílé. Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn méjèèjì jókòó sọ ọ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè ara wọn mọ́, àwọn á kọ èdè kékeré kan fún wọn. Gbóyèga á kọ apá tó máa wà ní ọ́fíìsì, tó máa kó fáìlì jáde. Bàbá á kọ apá tó máa wà nínú ẹ̀rọ, tó máa gbà á wọlé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Mọ̀nsúrát gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n so ó pọ̀. Gbóyèga fi fáìlì ránṣẹ́. Iná aláwọ̀ ewéko tó wà lójú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú. Abẹ ò gbéra. Kò kọ iṣẹ́, kò pariwo, ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀, àwọn ń bọ̀. Bàbá Ṣóbándé bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Gbóyèga ń wo ilẹ̀. Kí wọ́n tó tún un ṣe, tíráńfọ́mà àdúgbò dún gbàà, iná lọ. Fákọ̀yà ní òun ò ní tan jẹnẹrétọ̀ ńlá torí ìdánwò, epo dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀ di ọjọ́ tí Alága bá dé. Bàbá yọ káàdì tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, ó fi sápò, ó ní òun á lọ wò ó nílé.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ̀nsúrát ń mu gààrí lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Gbóyèga wá bá a, ó lóṣòó tì í. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Ó ní, "Mọ̀ọ́mì Kàfáyá, mo ti rí ohun tó ṣe é. Ká ní ẹbí kan fẹ́ wọlé. Nílé tiwa, bàbá á kọ́kọ́ wọlé, ìyá á tẹ̀ lé e, àbíkẹ́yìn ló máa wọlé kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yín ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, àbíkẹ́yìn ló máa ń tì síwájú."

Mọ̀nsúrát ní kí ló kan fóòmù nínú ẹbí ta ni. Gbóyèga rẹ́rìn-ín, ó wá là á yé e. Ó ní kí fáìlì tó wọlé, nọ́ńbà kan ló máa ń ṣíwájú ẹ̀ tó máa sọ bó ṣe gùn tó. Nọ́ńbà yẹn máa ń tóbi, kò lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e sí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tò wọlé lẹ́yìn ara wọn. Tí àbíkẹ́yìn bá wá ṣíwájú, ẹ̀rọ á rò pé òun ni bàbá. Fáìlì tí kò ju ojú ewé kan lọ, á rò pé gbogbo ìwé tó wà nílùú Ọ̀tà ló ń bọ̀. Á gba ojú ewé kan yẹn, á wá jókòó máa dúró de ìyókù.

"Ìyókù wo?" Mọ̀nsúrát bi í.

"Kò kúkú sí ìyókù, mà. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn."

Ó ní lọ́dọ̀ Bàbá ló yẹ kí wọ́n ti tò wọ́n padà, kí àgbà padà síwájú. Bóyá Bàbá gbàgbé ni, ọjọ́ orí náà ti wà níbẹ̀. Òun ò sì lè máa sọ fún bàbá tó tó bí òun lọ́mọ pé ó ṣe àṣìṣe, kí Fákọ̀yà wá gbọ́. Òun ti yí i lọ́dọ̀ tòun ní ọ́fíìsì. Tó bá dọ̀la tí gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, Bàbá á rò pé tòun ló dáa, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ó ní kí Mọ̀nsúrát jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí Bàbá gbọ́. Mọ̀nsúrát ní ṣé òun jọ aláròká ni. Ó gbàdúrà fún un, ó ní ọmọ tó mọ iyì àgbà ò ní jìyà láyé. Gààrí ẹ̀ ti wú, kò tiẹ̀ rántí mu ún mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Mọ̀nsúrát ti wọ aṣọ iṣẹ́ tó fọ̀ lánàá, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi híjáàbù funfun lé e. Bàbá Ṣóbándé ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu géètì, ó ń sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Bàbá di apá ẹ̀ mú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìyá Kàfáyá, ọmọ yẹn ò yí nọ́ńbà," Bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Láyé tiwa, ohunkóhun tó bá fẹ́ gba orí wáyà, àgbà ló ń ṣíwájú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló yẹ kó ti tò ó kó tó fi ránṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ṣe nìyí. Tí Fákọ̀yà bá mọ̀, á ní kò mọ nǹkan kan, á lé e. Mo ti yí i sínú káàdì. Ibi tó parí sí nìyẹn o, kò gbọ́dọ̀ détí ọmọ náà."

Ẹ gbọ́, ká sọ pé ẹ̀yin ni. Èèyàn méjì wá bá yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù fẹ́ bo àṣírí ẹnì kejì, ṣé ẹ máa tú u? Inú Mọ̀nsúrát dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ohun tí èèyàn méjì bá tún ṣe ti le ju ohun tí ẹnì kan tún ṣe lọ. Tí ọwọ́ ọ̀kan bá yọ̀, ọwọ́ ìkejì á gbà á mú. Ó wọlé lọ bá Fàtímọ̀ níbi tó ti ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní kó tú ẹrù tó dì. Fàtímọ̀ ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kò kàn án.

Fákọ̀yà ò tan jẹnẹrétọ̀ àfi ìgbà tí sẹ́kíóríìtì ti ń ṣí géètì fún ọkọ̀ Alága. Bàbá ti fi káàdì padà sínú ẹ̀rọ. Gbóyèga gbé láptọ́ọ̀pù sórí ìdì fóòmù kan, ó kí Bàbá, Bàbá kí i. Olúkúlùkù wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ nǹkan.

Alága kì í ṣe èèyàn burúkú, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó ń kí gbogbo èèyàn. Ó bọ Mọ̀nsúrát lọ́wọ́. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ níbí. Fákọ̀yà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbóyèga tẹ nǹkan.

Iná ewéko bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Mọ̀nsúrát ń wo abẹ. Ó mọ ohùn tí abẹ yẹn máa ń ṣe kó tó gbéra, ohùn kékeré kan bí ìgbà téèyàn bá fa èémí sínú. Ó ń tẹ́tí sí i. Kò gbọ́. Iná ń ṣẹ́jú. Fàtímọ̀ di aṣọ ẹ̀ mú látẹ̀yìn.

Alága yíjú sí Mọ̀nsúrát, ó ní, "Ìyá, kí ló ń ṣe báyìí?"

"Ó ń dúró ni, sà."

"De kí ni?"

"De ìyókù fáìlì, sà."

Alága mi orí. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Fákọ̀yà. Ó ní, "Ìgbà wo ló máa dúró dà?"

Fákọ̀yà wo aago ọwọ́ ẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Mọ̀nsúrát rí i kedere, torí pé àárín àwọn méjèèjì ló dúró sí. Ojú Bàbá Ṣóbándé fà. Bàbá ti rò pé bóyá ọmọ yẹn ti yí nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun tí òun ṣe ojú àánú ló wá dà á rú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó tú ohun tó ṣe ká. Lápá ibí, Gbóyèga ti ń làágùn. Òun náà ti rò pé Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan, pé òun ọmọ kékeré lòun lọ fọwọ́ kan ohun tí kò bàjẹ́. Ó tẹ láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó tú tiẹ̀ ká. Wọn ò wo ojú ara wọn. Bàbá ní kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́. Gbóyèga fi ránṣẹ́.

Iná tún ń ṣẹ́jú. Abẹ ò gbéra.

Alága wo fóònù ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san, ó ní wọ́n gbìyànjú. Ó fọwọ́ kan Bàbá léjìká. Òun àti Fákọ̀yà jọ jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìlẹ̀kùn ọkọ̀ dún, géètì dún.

Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń pariwo lẹ́yìn ilé. Bàbá Ṣóbándé jókòó sórí ìdì fóòmù, ó ní òun tọrọ gáfárà, ọpọlọ òun ti kú. Gbóyèga ní rárá o, Bàbá, èmi ni, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń bá a lọ báyìí, olúkúlùkù ń gba ẹ̀bi bí ẹni tí wọ́n ń pín sàárà fún. Mọ̀nsúrát gbẹ́sẹ̀ síwájú.

"Ẹ dákẹ́, jọ̀ọ́. Kí ni ẹ̀rọ yìí tún fẹ́? Gbóyèga yí nọ́ńbà lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ẹ̀yin Bàbá, ẹ yí i lọ́dọ̀ tiyín. Èèyàn méjì yí i! Kí ló tún ń wá?"

Kò mọ ohun tó sọ. Ó kàn ń bínú ni.

Bàbá ń wò ó. Gbóyèga gbójú sókè, ó wo Bàbá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ yí i, sà?" Bàbá ní, "Ìwọ náà yí i?" Ó wá ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀: ọmọ ti àgbà síwájú lọ́fíìsì, òun tún mú àgbà padà sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ. Yíyí tí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí kò yí i rárá ni. Nígbà tí Alága sì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì tún jọ tú u ká lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbóyèga tẹ láptọ́ọ̀pù, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó fi fáìlì ránṣẹ́.

Iná ewéko ṣẹ́jú díẹ̀, ó dúró. Abẹ fa èémí. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú fóòmù, ó gé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó yí, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, bẹ́ẹ̀dì àgbà, tìmùtìmù àga, ó ń gé wọn bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú fáìlì. Àwọn obìnrin ò hó. Fàtímọ̀ nìkan ló pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá ká ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn.

Gbóyèga ká a sínú fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí Fákọ̀yà lórí Wásáàpù. Wọ́n ń wo fóònù. Àmì méjèèjì di búlúù, ó túmọ̀ sí pé Fákọ̀yà ti wò ó. Kò kọ nǹkan kan padà. Ìgbà tó yá ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀rọ bó ṣe ń gé. Mọ̀nsúrát kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó pe Alága, ó lè má tíì dé Tóògéètì, kó ní kó padà. Fákọ̀yà ní òun ti pè é. Ó ní Alága ti pe àwọn tó ń ra irin kó tó kúrò nínú ọgbà, wọ́n ti fẹnu kò lórí iye ẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ fún Alága pé ohun tí kò ṣiṣẹ́ níṣojú ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó yíjú, á ní ẹ̀tàn ni.

Ó jáde. Kò pẹ́, jẹnẹrétọ̀ kú. Abẹ dúró sáàárín fóòmù kan, ìdajì ẹ̀ ti gé, ìdajì ò tíì gé. Bàbá Ṣóbándé ní òun fẹ́ tètè lọ kírun Jímọ̀. Gbóyèga ká wáyà láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Nígbà tó ń kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ Bàbá ò sọ̀rọ̀ Ẹ̀ńjiníà.

Ní géètì, sẹ́kíóríìtì gba káàdì ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n ní kóun gbà á ni, wọn ò gbọ́dọ̀ bínú sóun. Mọ̀nsúrát àti Fàtímọ̀ wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Àtàn. Wọ́n kọjá Ọ̀tà. Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ yanu. Ó ní wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára ń gba kásúà, àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọge ni wọ́n ń fẹ́. Mọ̀nsúrát ní ẹn-ẹn. Fàtímọ̀ wá yí ojú sí i.

"Ká ní o sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú wọn ńkọ́? Ẹnì kan péré. Láàárọ̀ yìí."

"Wọ́n ní kí n má sọ."

Eruku ń fẹ́ wọ inú kẹ̀kẹ́, Fàtímọ̀ fi etí gèlè ẹ̀ bo imú.

"Èmi náà," ó ní, "mi ò bá má sọ."

Mọ̀nsúrát mi orí. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ já àwọn síwájú díẹ̀.